Owó Tuntun Ló Yẹ Ká Bi Léèrè: Àkọsílẹ̀ Ilé Iṣẹ́ Kan Tó Ń Yẹ Òṣùwọ̀n Wò

Ẹ̀rọ òṣùwọ̀n ni ilé iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí ń yẹ̀ wò. Bí ilé ìwòsàn bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn oògùn, bí ilé ìkẹ́rù bá ní èyí tó ń wọn ẹrù kí ọkọ̀ tó gbé e, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wá lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti rí i pé ẹ̀rọ náà kò purọ́, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lórí rédíò. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, mo sì ti yí gbogbo owó inú ìwé rẹ̀ padà kí ó lè bẹ̀rẹ̀ láti orí 100. Bí mo bá ní 100, owó tó wà nínú òwò náà ní ọdún 1, ìyẹn ọdún tí ìwádìí wa ti bẹ̀rẹ̀, ni mò ń wí. Ṣíà rẹ̀ náà, orí 100 ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ẹni márùn-ún ni wá nínú ìgbìmọ̀, owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan là ń bójú tó. Èmi ni akọ̀wé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni owó náà kò ní fọwọ́ kàn án títí di 20 ọdún sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ilé iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ á máa bí èrè, tí a lè rà, ká sì fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Alága wa ló mú ilé iṣẹ́ òṣùwọ̀n yìí wá sí ìpàdé. Ó ti ṣe iṣẹ́ báǹkì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ sì mọ ìwé ìṣirò. Ohun tó rí dára lóòótọ́. Láti ọdún 1 dé ọdún 7, èrè tó ń ti inú iṣẹ́ wá, lẹ́yìn tí wọ́n ti san owó orí, kúrò lórí 26, ó dé 48. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 11 nínú 100 lọ́dọọdún, kò sì sí ọdún kan tó wálẹ̀. Gbèsè kò pọ̀. Lójú ìwé kejì nínú ìwé ìṣirò ọdọọdún, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé èrè lórí owó tí àwọn fi ń ṣòwò ti kúrò ní ìdá 26, ó ti di ìdá 30.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìdókòwò díẹ̀ mọ ìdí tí ìlà yẹn fi mú wa lọ́kàn. Ilé iṣẹ́ tó ń rí 30 lórí 100, tó sì lè dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà sínú òwò kan náà, kò nílò kí olówó rẹ̀ ṣe ohunkóhun ju kí ó jókòó. Mẹ́rin nínú wa ti fẹ́ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni karùn-ún ni obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù nínú wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi Alága. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èèló ni wọ́n kó sínú òwò náà kí 26 tó di 48?”

Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. A sún ìpàdé síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tí obìnrin náà ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, nítorí gbogbo ohun tó tẹ̀lé e, ibẹ̀ ló ti wá. Kò wo ìdá 30 tí ilé iṣẹ́ náà kọ rárá. Ó ṣí ojú ewé tí dúkìá wà ní ọdún 1, ó ṣí ti ọdún 7, ó sì ka gbogbo owó tí àwọn olówó ilé iṣẹ́ náà ti kó sínú rẹ̀, èyí tó ṣeé fojú rí àti èyí tí kò ṣeé fojú rí. 100 ti di 300. Lórí 300 yẹn, èrè 48 jẹ́ ìdá 16, kì í ṣe ìdá 30.

Ibo ni ìyàtọ̀ náà wọlé sí? Láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, ilé iṣẹ́ náà ń ra àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Bí o bá ra ilé iṣẹ́ tí ohun èlò inú rẹ̀ kò ju 1 lọ, tí o sì san 15, àwọn oníṣirò owó máa ń kọ 14 tó kù sílẹ̀ bíi dúkìá, wọ́n ń pè é ní goodwill. Owó tó ti jáde lápò ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn alákòóso ń ṣírò èrè lórí owó òwò, wọ́n yọ 140 tó jẹ́ goodwill kúrò, ó wá ku 160. 48 lórí 160 ni ìdá 30 tí wọ́n fi ń yangàn. Wọn kò purọ́. Àlàyé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé ní lẹ́tà wínníwínní. Àmọ́ ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ilé iṣẹ́ kì í sì í fúnra rẹ̀ yan òṣùwọ̀n tó máa dójú tì í. (Pé òṣùwọ̀n gan-an ni iṣẹ́ wọn ṣì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.)

Ìgbésẹ̀ kejì ló yí ọkàn wa padà. Ó ní ìdá 16 náà kò tíì sọ òótọ́ tán, nítorí àròpọ̀ owó àtijọ́ àti owó tuntun ni. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Owó 100 àkọ́kọ́ ti wà níbẹ̀ kí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà tó dé, èrè rẹ̀ kò sì sọ ohunkóhun fún wa nípa ibi tí owó ọ̀la ń lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Owó tuntun jẹ́ 200, èrè tuntun jẹ́ 22. Ìdá 11 péré.

Ó tún pín 200 náà sí méjì. 50 nínú rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka tuntun tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀, àti sí ohun èlò fún òṣìṣẹ́ tuntun. 150 lọ sí ríra ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìwé ọdọọdún kò ya èrè àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí náà ó ní láti wò ó láti inú àkọsílẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké náà kí wọ́n tó rà wọ́n. Bó ṣe ṣírò rẹ̀, nǹkan bí 14 nínú èrè tuntun náà wá láti inú 50 àkọ́kọ́, 8 sì wá láti inú 150. Ìdá 28 ní apá kan. Ní apá kejì, ìdá 5 ó lé díẹ̀. Ilé iṣẹ́ méjì ló wà lábẹ́ òrùlé kan: ọ̀kan ń sọ owó di púpọ̀, èkejì ń jẹ ẹ́.

Wọ́n sì ti ta ṣíà tuntun kí wọ́n lè rówó ra nǹkan. 100 ti di 120. Èrè ṣíà kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ pé òun ló kan ẹni tó ni ṣíà, kúrò ní 0.26, ó dé 0.40. Ìdá 7 ó lé díẹ̀ lọ́dún ni, kì í ṣe ìdá 11. Bí ẹ bá lo òfin 72, ọ̀nà kúkúrú láti mọ iye ọdún tí owó máa gbà kó tó di ìlọ́po méjì, èyí tí Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, ti kọ sílẹ̀ láti 1494, ẹ óò rí ohun tó ń tẹ̀lé e: 72 tí a fi 11 pín, ìlọ́po méjì ní ọdún mẹ́fà ààbọ̀; 72 tí a fi 7.4 pín, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá.

Mo rántí pé Alága dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tí kò dára ni.” Obìnrin náà fèsì pé, “Rárá o, sà. Ilé iṣẹ́ tó dára ni. Owó rẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ tí kò mọ ibi tó yẹ kó gbé e lọ.”

Ó ti lọ bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, a ò sì mọ̀. Ó pe àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ bíi mélòó kan, ó bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n béèrè iye tí ẹlòmíràn ń gbà kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ kò rántí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: owó àyẹ̀wò kéré gan-an sí owó tí ẹ̀rọ kan tó ń wọn nǹkan lódì lè pàdánù láàárín oṣù kan. Ìwé ẹ̀rí náà sì gbọ́dọ̀ wá láti ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí lábẹ́ ìlànà ISO/IEC 17025, tó jẹ́ ìlànà àgbáyé fún ilé àyẹ̀wò òṣùwọ̀n. Yàtọ̀ sí èyí, ìtàn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan láti ọ̀pọ̀ ọdún wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, ẹni tó bá sì fẹ́ kúrò á bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Nígbà tí wọ́n fi díẹ̀ kún iye owó wọn lọ́dún, ẹnikẹ́ni kì í bínú lọ.

Kí ló dé tí ríra ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn kò wá mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá? Nítorí ọ̀nà. Òṣìṣẹ́ tó lè yẹ ẹ̀rọ oníbàárà mẹ́wàá wò lójú títì kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan ń pa èrè. Èyí tó wakọ̀ wákàtí mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kejì, epo àti àkókò ti jẹ èrè náà. Ẹ̀ka tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń dá a sí. Àwọn tí wọ́n rà fọ́n káàkiri ibi tó jìn síra. Orúkọ tó wà lára ọkọ̀ ti yí padà, àmọ́ ìrìn àjò rẹ̀ kò kúrú.

Ó kan ojú ewé kan tí ọ̀pọ̀ olùdókòwò kì í kà, èyí tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó ìmóríyá ọ̀gá àgbà. Àpapọ̀ èrè ni wọ́n gbé e kà. Iye owó tí wọ́n ná kó tó dàgbà kò sí níbẹ̀, iye ṣíà tí wọ́n tà kò sí níbẹ̀. Ẹni tí a bá ń sanwó fún nítorí pé òkìtì ga, kò ní béèrè ẹni tó ni iyẹ̀pẹ̀. Lójú mi, ojú ewé kan yẹn sàn ju gbogbo ọ̀rọ̀ alága ilé iṣẹ́ náà níwájú ìwé lọ.

Ọjà ń ta ṣíà kan ní 12 nígbà náà, ìlọ́po 30 èrè ọdún kan. A pinnu pé a ò rà. Alága kò bá wa jà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn, ó sì rán wa létí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún tó tẹ̀lé e pé iye ṣíà náà ti tún gòkè. A kọ ọ́ sínú ìwé pé bí wọ́n bá dáwọ́ ríra dúró, tàbí tí wọ́n bá yí ìlànà owó ìmóríyá padà, ká tún un wò.

Wọ́n ṣe méjèèjì ní ọdún 9. Ìgbìmọ̀ olùdarí yọ ọ̀gá àgbà àtijọ́. Obìnrin kan tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ bí òṣìṣẹ́ tó ń wakọ̀ lọ yẹ ẹ̀rọ wò ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó kéde nǹkan mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà: àwọn kò ní ra ilé iṣẹ́ mọ́ títí di ìgbà mìíràn, owó ìmóríyá òun á máa tẹ̀lé èrè ṣíà kọ̀ọ̀kan àti èrè lórí gbogbo owó òwò, goodwill pẹ̀lú, àwọn sì máa gé 90 kúrò nínú goodwill nítorí pé àwọn ohun tí wọ́n rà kò tó iye tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ọjà sá. Èrè iṣẹ́ ọdún yẹn jẹ́ 50, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ 90 kúrò nínú rẹ̀, ìwé fi àdánù 40 hàn. Àkọlé ìròyìn kò sọ ju àdánù lọ. Ṣíà tó ti jẹ́ 12 wálẹ̀ sí 6 ó lé díẹ̀, ìlọ́po 15 èrè iṣẹ́. Kọ́bọ̀ kan kò jáde lápò ilé iṣẹ́ náà nítorí 90 tí wọ́n gé yìí. Owó náà ti lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké yẹn. Ìwé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà.

Níbí ni ìgbìmọ̀ wa ti fẹ́ ṣàṣìṣe lọ́nà tó yàtọ̀. Ọ̀kan nínú wa tún ìṣirò ṣe, inú rẹ̀ sì dùn: owó òwò tó ti di 340 wálẹ̀ sí 250 lẹ́yìn tí wọ́n gé 90, èrè 50 lórí rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 20. Ó ní ìdá 16 ti di ìdá 20, pé ilé iṣẹ́ ti ń sàn. Kò sí ohun tó sàn nínú ìyẹn. Bí a bá jẹ́ kí ẹni tó fi owó ṣòfò pa gbèsè rẹ̀ rẹ́ lórí ìwé, ọdọọdún ni yóò máa dára sí i bó ti ń fi ṣòfò tó. A dá 90 padà sórí ìṣirò wa, ó sì jẹ́ ìdá 15 kò pé. Ó burú ju ti ọdún 7 lọ, ohun tó sì yẹ kó rí nìyẹn, nítorí wọ́n ti ra nǹkan fún ọdún méjì sí i kí ìyípadà tó dé.

Kí wá ló mú wa rà á nígbà náà? Kì í ṣe ìdá 15. Ohun tí a ń rà ni owó tí kò tíì jáde. Òwò àtijọ́ ṣì ń pa ìdá 28 tàbí tó súnmọ́ ọn lórí owó tuntun, a ti rí ìdí rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà. Ẹni tó ní ìdarí nísinsìnyí ti sọ pé ibẹ̀ nìkan ni owó á máa lọ. Iye tí wọ́n ń ta á kò sì ní kí gbogbo rẹ̀ yọrí sí rere kí a tó rí èrè. Ìṣirò tí a gbé síwájú ara wa rọrùn: bí wọ́n bá dá ìdajì èrè padà sínú òwò ní ìdá 25, èrè á máa dàgbà ní ìdá 12 ààbọ̀ lọ́dún, ìdajì kejì á sì wà fún àwọn olówó.

Ẹ fi èyí wé ti ọ̀gá àtijọ́. Òun ń rí ìdá 11 lórí owó tuntun. Kí èrè tó lè dàgbà ní ìdá 11, gbogbo èrè ló gbọ́dọ̀ padà sínú rẹ̀, àní kò tó, wọ́n ní láti ta ṣíà. Ìdàgbà méjèèjì jọ ara wọn lójú ẹni tó ń wo èrè nìkan. Ọ̀kan ń bọ́ olówó rẹ̀, èkejì ń pè é kó wá fowó kún un.

A fi díẹ̀ rà, ó tó ìdá 4 nínú 100 owó wa. Obìnrin tó ṣe ìwádìí náà fẹ́ kó jẹ́ ìlọ́po méjì. A ṣojo.

Ọdún méjì àkọ́kọ́ kò dùn. Èrè kò gbéra púpọ̀, nítorí ó máa ń gbà tó ọdún méjì kí òṣìṣẹ́ tuntun tó lè dá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí, owó oṣù rẹ̀ láàárín ìgbà náà sì wà lára ìnáwó ọdún, kò sí lára dúkìá. Irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdókòwò, àmọ́ ìwé ìṣirò kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣírò èrè lórí owó tuntun lọ́dún kan sí èkejì á rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó yẹ kí a fún un ní ọdún márùn-ún ó kéré tán kí a tó gbà á gbọ́.

Ní ọdún 12, ọjà ti rí ohun tí a rí. Ṣíà ti di 14 ó lé díẹ̀, ìlọ́po 24 èrè. Àṣìṣe wa tó tóbi jù la ṣe níbẹ̀, èmi gan-an wà lára àwọn tó dìbò fún un. A ta ìdá kan nínú mẹ́ta. A ní ó ti gòkè jù. A mú owó náà lọ ra ilé iṣẹ́ mìíràn tí ọjà ń ta ní ìlọ́po 8 èrè, tí kò sí ohun tó dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti ṣe ohun tó ń ṣe. Láàárín ọdún mẹ́ta, ìdajì owó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Èyí tí a tà fi ìdá kan nínú mẹ́ta gòkè sí i. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó tún bi owó tuntun léèrè lọ́jọ́ náà. Iye orí ọjà nìkan la wò. Ká ní a ṣírò rẹ̀ ni, à bá ti rí i pé ilé iṣẹ́ òṣùwọ̀n náà ṣì ń rí ìdá 24 lórí gbogbo ohun tó ń kó sínú òwò, àti pé àwọn ibi tí kò tíì dé ṣì pọ̀.

N kò sọ pé iye tí a rà á kò ṣe pàtàkì o. Microsoft ṣì jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń pa èrè ńláńlá lẹ́yìn ìparí 1999, síbẹ̀ iye tí ọjà gbé ṣíà rẹ̀ dé ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, kò padà dé ibẹ̀ títí di 2016. Ilé iṣẹ́ tiwa náà fi èyí hàn ní kékeré. Ẹni tó bá rà á ní 12 ní ọdún 7, tó sì gbá a mú títí di ọdún 15, iye owó rẹ̀ kò dàgbà tó ìdá 6 lọ́dún, yàtọ̀ sí ìpín èrè tó gbà. Àwa tí a rà á ní 6, ìlọ́po mẹ́ta la rí láàárín ọdún mẹ́fà lórí èyí tí a kò tà.

Mo fẹ́ tú ìlọ́po mẹ́ta yẹn palẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa yìn wá ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ọdún 9 dé ọdún 15, èrè kúrò ní 50, ó dé 96. Ìdá 11 ààbọ̀ lọ́dún. Ẹ tún un kà: ti ọ̀gá àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 11. Bí ẹ bá to ìlà èrè ìgbà méjèèjì síra, agbára káká lẹ fi máa mọ èyí tó jẹ́ ti ta. Ṣùgbọ́n 200 ló wọlé kí èrè tó fi 22 lé sí i nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, 190 ló mú 46 wá. Nítorí pé owó ṣẹ́ kù, wọ́n ra ṣíà ara wọn padà, 122 di 112. Èrè ṣíà kọ̀ọ̀kan ti lé ní ìlọ́po méjì, ìdá 13 lọ́dún. Ìyẹn ni iṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà. Èyí tó kù nínú ìlọ́po mẹ́ta náà wá láti ọwọ́ ọjà, tó gbé e kúrò ní ìlọ́po 15 èrè lọ sí 22. Oríire ni, a kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú ìṣirò ilé iṣẹ́ tó kàn.

Fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí a yí padà lọ́dọ̀ wa kò pọ̀. Ilé iṣẹ́ kan kò tún lè dé orí tábìlì wa láìsí ìwé kan tó ní òpó méjì, owó tó wọlé láàárín ọdún márùn-ún sí méje àti èrè tó fi kún un, pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ti gé kúrò ní dídá padà. Ojú ewé owó ìmóríyá la kọ́kọ́ ń kà. Bí a bá sì fẹ́ tà, ìwé kan náà ni a gbọ́dọ̀ tún ṣe kí a tó dìbò, fún èyí tí a fẹ́ tà àti èyí tí a fẹ́ rà.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí ìwé olópó méjì yìí kò lè dáhùn, òun sì ni ti ààyè. Ilé iṣẹ́ lè dára gan-an kó má sì ní ibi tí yóò kó owó sí. See’s Candies, ilé iṣẹ́ ṣokoléètì tí gbajúmọ̀ olùdókòwò Warren Buffett àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rà ní 1972 ní mílíọ̀nù 25 dọ́là, kò gbà ju mílíọ̀nù 32 dọ́là sí i títí di 2007, ọdún tí èrè rẹ̀ ṣáájú owó orí jẹ́ mílíọ̀nù 82. Wọn ò rí ibi fi owó tó pọ̀ sí nínú òwò ṣokoléètì náà. Ohun tó mú kó ṣàǹfààní ni pé ẹni tó ni ín mọ ibòmíràn tó lè gbé owó náà lọ. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dára lọ́wọ́ ẹni tó mọ ohun tó máa fi owó ṣe. Lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà tí kò fẹ́ kí owó jáde kúrò lábẹ́ òun, òun ló máa ń bí ìràkurà.

Ilé iṣẹ́ òṣùwọ̀n náà ti ń súnmọ́ ibẹ̀. Àwọn ojú títì tó wà nítòsí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán. Nínú ìwé ọdún 16 tó dé ọwọ́ wa, a rí ìlà kan tí a kò rí láti ọdún méje: wọ́n ní àwọn “ń gbé àǹfààní ríra yẹ̀ wò”. Ọ̀gá àgbà náà ṣì wà níbẹ̀, ìlànà owó ìmóríyá rẹ̀ kò tíì yí padà. A ti kọ lẹ́tà láti béèrè ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń wò wà, àti bó ṣe jìn sí ẹ̀ka tó súnmọ́ ọn jù. Alága ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀.